Ẹ yé fi géèmù márùn-ún mọ ẹgbẹ́ tó mọ tíríì jù

Tí March bá ti dé báyìí, tá a bá jọ ń fi òru wo báskẹ́tì àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà nínú hostel ní Ifẹ̀ níbí, ọ̀rọ̀ kan náà ni mo máa ń gbọ́, pé "àwọn wọ̀nyí ń ju tíríì 40 pásẹ́ǹtì láti géèmù márùn-ún, kò sẹ́ni tó lè nà wọ́n." Tíríì ni bọ́ọ̀lù tí wọ́n jù láti ẹ̀yìn ìlà tó jìnnà, póìntì mẹ́ta ni tó bá wọlé; 40 pásẹ́ǹtì sì ni pé 40 ń wọlé nínú 100 tí wọ́n bá jù. Ẹ jọ̀ọ́, kò rí bẹ́ẹ̀.

Ká ní tíríì 20 ni wọ́n ń jù nínú géèmù kan, géèmù márùn-ún jẹ́ 100 péré nìyẹn. Ẹgbẹ́ tó jẹ́ pé 35 nínú 100 lagbára ẹ̀ gan-an lè rí 40, ó sì lè rí 30, láìsí pé ọwọ́ ẹnì kankan nínú wọn dáa sí i tàbí pé ó bàjẹ́, bọ́ọ̀lù márùn-ún tó gba irin tó wá yí wọlé tàbí tó yí síta ni gbogbo ìyàtọ̀ yẹn o. Ẹni tó bá ti ju bọ́ọ̀lù rí ní Sports Centre OAU mọ̀ ọ́n, o máa ju 10 lónìí kí 7 wọlé, tó bá dọ̀la 2 péré lo máa rí, ọwọ́ kan náà ṣá ni.

Ṣé ẹ rántí Yunifásítì Virginia nínú ìdíje March ọdún 2018? Àwọn ni wọ́n fi ṣe nọ́ńbà kìíní gbogbo ìdíje, UMBC, yunifásítì kan ní Maryland tí ẹnikẹ́ni ò kà sí, wá nà wọ́n 74 sí 54. Tíríì 22 ni Virginia jù lálẹ́ ọjọ́ náà, 4 ló wọlé, UMBC ju 24, 12 wọlé. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló sọ pé ó ti tán fún Virginia, àmọ́ lọ́dún 2019 àwọn náà ló gba ife.

Free throw, ìyẹn bọ́ọ̀lù ọ̀fẹ́ tí wọ́n máa ń fún ẹni tí wọ́n bá ṣe fáólù sí, lèmi kọ́kọ́ máa ń wò. Mítà 4.6 ni, kò sẹ́ni tó ń dí ẹ lójú, ibì kan náà lo máa ń dúró sí, torí náà ọwọ́ ẹ nìkan ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ẹni tó bá ń mú tíríì 45 pásẹ́ǹtì àmọ́ tí free throw ẹ̀ jẹ́ 60, mi ò gbà á gbọ́ rárá, ó máa já wálẹ̀. Ẹni tí free throw ẹ̀ bá jẹ́ 88 tí tíríì ẹ̀ ò tíì máa wọlé, ẹ ní sùúrù fún un.

Lẹ́yìn ìyẹn, mélòó ni wọ́n ń jù? Ẹgbẹ́ tó ju 10 tó mú 4, 40 pásẹ́ǹtì, póìntì 12. Ẹgbẹ́ tó ju 28 tó mú 10, kò tó 36 pásẹ́ǹtì, àmọ́ póìntì 30 ni, wọ́n tún ti fa àwọn tó ń dí wọn jáde débi pé abẹ́ àwọ̀n ṣófo. Èwo lẹ máa mú nínú méjèèjì?

Ẹ má sì fi pásẹ́ǹtì ọkùnrin ti 2018 wé ti ìsinsìnyí, torí láti sáà 2019 sí 2020 ni wọ́n ti sún ìlà tíríì wọn sẹ́yìn lọ sí mítà 6.75.