Kí Gáàsì Tí À Ń Sun Nù Di Epo

Owó ata lílọ̀ ti gbẹ́nu sókè ní Láfẹ́nwá. Ìgò ni ẹlẹ́rọ fi ń ra bẹntiróòlù báyìí, ó ń rọra fi àrọ dà á kí ẹ̀kán kan má baà jò sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ní Niger Delta, iná gáàsì ń jó tọ̀sán-tòru. Òfin ọdún 1979 fi ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1984 ṣe gbèdéke láti fòpin sí i. Iná náà ò tíì kú dòní.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá l'Ábẹ́òkúta. Ìtòkí, ní ìpínlẹ̀ Ògùn wa níbí, ni òpó gáàsì tó ń lọ sí Togo àti Gánà ti gbéra.

Ilé iṣẹ́ kan wà ní Escravos, ní Niger Delta, tó ń sọ gáàsì di epo, agbára rẹ̀ tó àgbá 33,000 lójúmọ́. Ṣùgbọ́n ooru ńlá àti ọ̀pọ̀ bílíọ̀nù dọ́là ló gbà. Ta ló máa kọ́ irú rẹ̀ sídìí kànga kékeré? Lọ́dún 2025, Kitagawa, Robson àti Yaghi gba ẹ̀bùn Nobel nínú kẹ́mísírì nítorí MOF, èròjà tí ihò tín-ín-tìn-ín pọ̀ nínú rẹ̀ débi pé bí a bá tẹ́ inú gíráàmù kan péré sílẹ̀, ó lè fẹ̀ tó pápá bọ́ọ̀lù. Àwọn onímọ̀ ti fi kọ́pà sínú irú ihò bẹ́ẹ̀, ó sì sọ methane, èyí tó pọ̀ jù nínú gáàsì kànga, di methanol, ohun olómi tó ṣeé rọ sí àgbá, tó sì ṣeé jó. Ohun tó ń dà wọ́n láàmú ni pé methanol náà tètè ń jóná ju methane tó ti wá lọ, nítorí náà díẹ̀ ni wọ́n ń rí kó. Iṣẹ́ ṣì kù, àwọn ọmọ wa sì lè ṣe é.

Ohun tí a ń béèrè ni pé kí TETFund, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń fowó ran ilé ẹ̀kọ́ gíga lọ́wọ́, àti ìjọba ìpínlẹ̀ Ògùn gbé owó kalẹ̀ fún ẹ̀ka kẹ́mísírì FUNAAB, yunifásítì ìmọ̀ ọ̀gbìn tó wà l'Ábẹ́òkúta: owó iná tí kò ní í ṣẹ́jú, owó ẹ̀rọ àyẹ̀wò, àti owó oṣù fáwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ṣèwádìí, fún ọdún márùn-ún gbáko. Kí àwọn elépo náà fún wọn ní gáàsì kànga gidi, torí omi àti ìdọ̀tí inú rẹ̀ lè ba catalyst, ìyẹn èròjà tó ń mú kí àyípadà náà yá, jẹ́. Kí òfin ààbò sì ṣáájú, nítorí májèlé ni methanol. A ò gbàgbé àwọn tí methanol inú ògógóró pa ní Òde-Ìrèlè, ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, lọ́dún 2015.

Kí owó náà wà nínú ìwé ìṣúná tí gómìnà máa gbé lọ síwájú àwọn aṣòfin l'Ókè-Mọ́sàn lọ́dún yìí.