Oṣù márùn-ún, íńtáfíù méje, ìlà mẹ́ta

Ó ti pẹ́ díẹ̀ báyìí, àmọ́ inú ṣì ń bí mi.

Kì í ṣe pé wọn ò gbà mí ló ká mi lára. Ẹni tó bá ń wáṣẹ́ mọ̀ pé wọ́n lè gba òun, wọ́n sì lè má gba òun. Ohun tó ká mi lára ni pé ilé-iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ńlá kan ní California fi oṣù márùn-ún ayé mi ṣòfò, wọn ò sì kà á sí nǹkan kan.

Àwọn ló wá mi wá o! Ní oṣù kọkànlá ọdún 2023, arábìnrin kan tó ń bá wọn wá òṣìṣẹ́ kọ̀wé sí mi pé àwọn rí iṣẹ́ mi, ó sì wu àwọn. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti ń kọ kóòdù l'Ékòó. Mo wà lára àwọn mẹ́rin tó kọ ètò ìsanwó tí àwọn oníṣòwò ń lò títí dòní. Nínú íńtáfíù méjèèje, kò sẹ́nì kan tó bi mí bí a ṣe ṣe é. Binary tree (dátà tí wọ́n tò bí igi, tí oríta kọ̀ọ̀kan kì í ní ju ẹ̀ka méjì lọ, òsì àti ọ̀tún) ni wọ́n ní kí n dojú ẹ̀ dé, kí òsì di ọ̀tún, láàárín ìṣẹ́jú 45, kí ẹnì kan máa wò mí lójú bíi wọ́dà. Láti ọjọ́ tí mo ti ń jẹun nídìí iṣẹ́ yìí, kò tíì sí oníbàárà tí owó rẹ̀ há, tó wá jẹ́ pé binary tree la dojú ẹ̀ dé kí owó náà tó wọlé.

Kì í sì ṣe èmi nìkan. Lọ́dún 2015, Max Howell, ẹni tó ṣe Homebrew tí àwọn oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà ń lò lórí Mac kárí ayé, sọ ọ́ síta pé Google ò gba òun nítorí binary tree yìí kan náà. Bí wọ́n bá lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún irú ẹni yẹn, ta ló máa gbọ́ tèmi?

Mo bá jókòó ti LeetCode, ìkànnì tí wọ́n ti ń fi irú ìbéèrè íńtáfíù bẹ́ẹ̀ dánra wò. Kí n tó wọ ọkọ̀ kúrò ní Victoria Island dé Ọ̀gbà, aago mẹ́sàn-án alẹ́ ti lù. Èmi àti ìbéèrè wọn dìgbà tó bá di aago méjì òru. Ọmọ mi ọlọ́dún mẹ́fà á sùn lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga mi níbi tó ti ń dúró kí n bá òun ka ìwé. Àsìkò tó bá sì rọ̀ wọ́n lọ́rùn ni wọ́n ń fi íńtáfíù sí. Aago méjì ọ̀sán tiwọn nínú oṣù kejì, aago mọ́kànlá alẹ́ ni lọ́dọ̀ tiwa. Kò síná, jẹnẹrétọ̀ ni mo ń tàn, lítà epo sì ti kọjá 560 náírà nígbà náà.

Ìkẹfà ló wá burú jù. Ó bọ́ sí ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹta, 2024, ọjọ́ tí àwọn wáyà íntánẹ́ẹ̀tì abẹ́ òkun bàjẹ́ lápá Abidjan: WACS, MainOne, ACE, SAT-3. Báǹkì gan-an ò ríṣẹ́ ṣe. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n sún un síwájú, wọ́n ní àyè ò sí. Mo sáré lọ sílé ọ̀rẹ́ mi tí nẹ́tíwọ́kì tiẹ̀ ṣì ń mí. Ọkùnrin tó wá bi mí ní ìbéèrè ò kí mi. Ó ní ṣé mi ò lè wá ibi tó dáa jókòó ni. Bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ ló ń tẹ nǹkan tiẹ̀ lọ.

Lẹ́yìn ìkeje, wọ́n dákẹ́. Mo kọ̀wé lẹ́ẹ̀mẹrin. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá kí lẹ́tà tó dé, ìlà mẹ́ta: wọ́n dúpẹ́, wọ́n ti mú ẹlòmíràn, wọn kì í ṣàlàyé ìdí.

Irọ́ ni! Ẹnì kan tó ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn ló là mí lóye pé wọn ò mú ẹnikẹ́ni. Láti oṣù kejì ni wọ́n ti dá iṣẹ́ yẹn dúró, kí n tó ṣe ìkarùn-ún pàápàá! Wọ́n mọ̀, wọ́n sì ń jẹ́ kí n máa ra epo. Ìlà kan péré ni wọn ì bá kọ sí mi nígbà náà, pé kò síṣẹ́ mọ́, kí n lọ bá ọmọ mi sùn.

Mo fèsì lẹ́tà yẹn. Ó padà sọ́wọ́ mi lójú ẹsẹ̀: ẹnikẹ́ni kì í ka ohun tó bá wọ àdírẹ́sì náà.