Ọ̀rẹ́ Wa Tún Ní Ìkéde

Ẹ fara balẹ̀ o, ọ̀rẹ́ wa tún ní ìkéde. Ó fẹ́ rìnrìn-àjò. Kò tíì ra tíkẹ́ẹ̀tì, kò tíì béèrè físà, ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́ kò sì tíì gbọ́ pé ó fẹ́ gba ìsinmi. Àmọ́ ó ti yan kámẹ́rà onífíìmù, irú ti àtijọ́, tó máa gbé kọ́rùn, ó sì ti to orin tó máa gbọ́ nínú bàálù. Ọ̀rọ̀ ọ̀hún kò tíì dé etí ìyá rẹ̀ tí gbogbo ayé fi ń kí i pé á lọ ire, á bọ̀ ire.

Lọ́sẹ̀ kejì, ìròyìn kún: ó lè jẹ́ Lisbon, ó lè jẹ́ Tokyo. Ìkan wà ní ìpẹ̀kun Yúróòpù, èkejì wà ní ìpẹ̀kun Éṣíà, ṣùgbọ́n jíjìn kọ́ ló ń rò. Ohun tó ń dà á láàmú ni ìlú tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ rẹ̀ máa bá fíìmù mu jù. Lọ́sẹ̀ kẹta, ó fi fọ́tò àpótí ẹrù rẹ̀ hàn wá. Àpótí náà ṣófo. Àwọn èèyàn sì yìn ín. Àwọn àgbà ní ìròyìn ò tó àfojúbà; wọn ò tíì rí ọ̀rẹ́ wa ni. Ìròyìn tiẹ̀ ti pọ̀ débi pé àfojúbà ò ríbi jókòó mọ́.

Ọ̀rọ̀ fíìmù yìí ló dùn mọ́ mi jù, ẹ jẹ́ kí n jókòó tì í. Ní 1888, George Eastman, olùdásílẹ̀ ilé iṣẹ́ Kodak, gbé kámẹ́rà Kodak jáde, ó ní kí èèyàn ṣáà tẹ bọ́tìnì, àwọn á ṣe ìyókù. Fíìmù tó lè ya fọ́tò 100 ti wà nínú rẹ̀. Tó bá tán, ẹ ó dá kámẹ́rà náà padà sí ilé iṣẹ́, wọ́n á bá yín fi kẹ́míkà fọ fíìmù náà kí fọ́tò lè jáde. Ìyọnu ló fẹ́ gbà lọ́wọ́ wa. Ní 1975, ẹnjiníà ilé iṣẹ́ kan náà, Steven Sasson, ṣe kámẹ́rà tí kò lo fíìmù rárá. Ìṣẹ́jú-àáyá 23 ló ń gbà kó tó tọ́jú fọ́tò kan sórí kásẹ́ẹ̀tì. Láti ìgbà náà ni ìyọnu ti ń dín kù, títí tí ọmọ ọdún méjì fi ń fi fóònù bàbá rẹ̀ ya àjà ilé láìmọ̀. Ìgbà tí ìyọnu wá tán pátá, ọ̀rẹ́ wa gbéra, ó lọ fowó ara rẹ̀ rà á padà.

Ó ní fíìmù ń kọ́ òun ní sùúrù, nítorí pé fọ́tò 36 péré ló wà nínú róòlù kan. Òótọ́ ni. Àmọ́ fọ́tò kámẹ́rà náà tó ti fi fóònù yà ti lé ní 36 dáadáa: kámẹ́rà lórí tábìlì, kámẹ́rà létí fèrèsé, kámẹ́rà láyà ọ̀rẹ́ wa tó ń wo ọ̀ọ́kán bí ẹni tí ọ̀rọ̀ ayé sú. Nínú kẹ́míkà àkọ́kọ́ tí wọ́n fi ń fọ fíìmù aláwọ̀, ìṣẹ́jú 3 àti ìṣẹ́jú-àáyá 15 ni fíìmù ń lò. Ohun tó kọ nípa sùúrù gùn ju ìyẹn lọ láti kà.

Bí wọ́n bá fọ̀ ọ́ tán ńkọ́? Wọ́n á fi ẹ̀rọ dà á sórí kọ̀ǹpútà, ó di inú fóònù. Wọn ò sì gbọdọ̀ gé ihò ẹ̀gbẹ́ fíìmù kúrò o, kí a má baà rò pé fóònù ló yà á. Àwọn mìíràn tiẹ̀ wà tí wọ́n ń sanwó kí fóònù bá wọn da eruku àti ìlà yíya sára fọ́tò tó mọ́ kedere. Mo bọ̀wọ̀ fún ọ̀rẹ́ wa ju àwọn yẹn lọ. Eruku tiẹ̀, eruku gidi ni. (Ẹ má ṣì mí gbọ́: fíìmù tó bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n lò lẹ́wà. Ẹni tó mọ̀ ọ́n lò ọ̀hún ni kì í sábà sọ̀rọ̀.)

Ní pápákọ̀ òfuurufú, ẹ̀rọ CT tí wọ́n fi ń yẹ ẹrù wò lè ba fíìmù tí wọn ò tíì fọ̀ jẹ́. Ọ̀rẹ́ wa mọ̀. Ó ti kọ ẹ̀bẹ̀ tó máa bẹ òṣìṣẹ́ ibẹ̀ sílẹ̀, pé kí wọ́n fọwọ́ yẹ tòun wò, ó sì ti ka ẹ̀bẹ̀ náà fún wa. Tíkẹ́ẹ̀tì ńkọ́? Ẹ dákẹ́ ná.

Ti orin kò ní pẹ́ wa. Gbogbo orin tó ń gbọ́, ẹ̀yin ò tíì gbọ́ ọ. Ọjọ́ tí ẹ bá gbọ́ ọ, ó ti jáwọ́ nínú ẹ̀. Ní 2022, iye àwo rẹ́kọ́ọ̀dù tí wọ́n tà ní Amẹ́ríkà ju ti CD lọ, irú èyí tí kò ṣẹlẹ̀ láti 1987. Ọ̀rẹ́ wa náà ra tiẹ̀. Kò tíì ya ọ̀rá ara rẹ̀. Inú fóònù ló ti ń gbọ́ orin náà. Ẹ̀rọ tó ń lu rẹ́kọ́ọ̀dù ṣì wà nínú ètò, a ó gbọ́ ìkéde rẹ̀.

Ìròyìn tó wọlé kẹ́yìn ni pé ìrìn-àjò ti yẹ̀ sí ìgbà mìíràn. Ọ̀rẹ́ wa ní ariwo ayé ti pọ̀ jù, òun fẹ́ lọ dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ìkéde ìdákẹ́ náà pín sí apá mẹ́ta. Apá kejì ń bọ̀ lọ́la, pẹ̀lú orin.