Yábá Ti Di Amẹ́ríkà, Ẹ Bá Wa Gbé Ínfátà

Ẹni tó bá ń wá wàhálà ọ̀fẹ́, kó lọ dúró ní Sábó, Yábá, lọ́sàn-án Jímọ́ọ̀, kó gbóhùn sókè pé Nàìróbì ló ń ṣíwájú nínú ìmọ̀ ẹ̀rọ ní Áfíríkà. Kò ní tíì pa ẹnu dé tí àwọn ọmọ tẹ́kì ibẹ̀ á ti máa ki oríkì àwọn ilé-iṣẹ́ wọn fún un: Interswitch tó ti wà láti 2002, Jobberman tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ifẹ̀ dá sílẹ̀ ní 2009, Andela, Flutterwave, PiggyVest. Tí wọ́n bá wá kan Paystack, ilé-iṣẹ́ tó ń bá èèyàn gba owó lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ohùn á rẹlẹ̀, ojú á le koko. "A tà á fún Stripe ti Amẹ́ríkà ní 2020. Owó rẹ̀ lé ní 200 mílíọ̀nù dọ́là."

Ẹ wá wo ẹni tó ń sọ pé "a tà á" yìí. Shola Akinlade àti Ezra Olubi tó dá ilé-iṣẹ́ náà sílẹ̀ kò bá a pàdé rí. Kò ní ìpín kankan níbẹ̀. Ohun tó pa òun àti Paystack pọ̀ ni pé ó fi káàdì rẹ̀ ra nǹkan lọ́jọ́ kan, wọ́n sì ní owó inú rẹ̀ kò tó. Síbẹ̀, bí ọmọ ẹ̀yìn Arsenal ṣe ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì ní Mushin tó ń sọ pé "a nà wọ́n", bẹ́ẹ̀ lòun náà ṣe ta ilé-iṣẹ́ tán, tó tún yá owó ọkọ̀ délé.

Ìyẹn kéré. Ẹ má dá ọ̀rọ̀ Mark Zuckerberg tó ni Facebook sílẹ̀ o. Ọjọ́ 30 oṣù Kẹjọ 2016 ló dé. Ó fẹsẹ̀ rìn ní Yábá, ó yà sí CcHub, họ́ọ̀bù, ìyẹn ilé ìpéjọ àwọn ọmọ tẹ́kì, tí Bosun Tijani àti Femi Longe dá sílẹ̀ lójú Herbert Macaulay Way, ó lọ kí àwọn ọmọ Andela, ó sáré lórí afárá Lẹ́kí sí Ìkòyí lọ́jọ́ kejì, ó bá tirẹ̀ lọ. Láti ọjọ́ náà, kò sí onílé kan láti Sábó dé Alágomejì tí kò mọ ibi tí òyìnbó gbà kọjá, tí kò sì ní fi kún owó ilé tí ẹ bá béèrè. Herbert Macaulay fúnra rẹ̀, ọmọ ọmọ Àjàyí Crowther, tó lọ kọ́ iṣẹ́ ẹ̀ńjíníà ní Plymouth nígbà tí àwọn baba ńlá Facebook ò tíì ríná mànàmáná nílé, kò sẹ́ni tó ń ya fọ́tò nídìí orúkọ rẹ̀. Dánfó nìkan ló ń pè é.

Ṣùgbọ́n a kì í fi ìgbéraga lásán wọ ẹgbẹ́. Iṣẹ́ wà níbẹ̀, ìnáwó sì wà níbẹ̀.

Ilé ni àwọn tó fẹ́ dá ilé-iṣẹ́ tẹ́kì sílẹ̀ ń kọ́kọ́ wá. Oníbàárà lè dúró. Ohun tí wọ́n fẹ́ tà pàápàá lè dúró. Wọ́n á gba dúpílẹ́ẹ̀sì àtijọ́ kan, wọ́n á wó ògiri àárín, wọ́n á ya Èyò tó gbé awò VR sójú sára ògiri tó kù. Wọ́n á tẹ́ koríko rọ́bà, wọ́n á gbé tábìlì tẹ́nẹ́ẹ̀sì sí ibi tó yẹ kí jẹnẹrétọ̀ wà, wọ́n á sì kọ "Fail Fast" sára ilẹ̀kùn ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Họ́ọ̀bù dé nìyẹn.

Wọ́n kọ ọ́ sí ìwé ìpolówó pé iná kì í lọ níbẹ̀. Ẹ jẹ́ ká ṣí yàrá kótópó tó wà lẹ́yìn wò. Ínfátà 5kVA kan, bátìrì mẹ́rin, ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 12V 200Ah, wọ́n so wọ́n tẹ̀léra kó lè fún wọn ní 48V. Ẹ ṣírò rẹ̀, 9.6kWh ni. Bátìrì olómi kì í sì í ṣe ohun tí a ń fà gbẹ. Ẹni tó bá fẹ́ kó pẹ́ lọ́wọ́ òun á lo ìdajì, á dúró. 4.8kWh la ní nìyẹn. Kọ̀ǹpútà 20 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń jẹ 60W ti gba 1.2kW. Wọ́n á wá tan AC oníhọ́ọ̀sì kan ààbọ̀, tó ń jẹ nǹkan bí 1.1kW, nítorí olówó kan tó fẹ́ fi owó sí iṣẹ́ wọn ń bọ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù. Gbogbo rẹ̀ di 2.3kW. Wákàtí méjì lásán, ìdajì ti tán, a ò sì tíì yọ èyí tí ínfátà fúnra rẹ̀ ń jẹ. Wọn kì í dúró. Wọ́n á fà á títí ínfátà á fi máa ké, lójoojúmọ́ ayé. Nígbà tí omi inú bátìrì bá wá lọ sílẹ̀, dípò omi tí wọ́n sè gba èéfín rẹ̀ fún bátìrì, omi kànga dẹ̀rọ̀ ni wọ́n ń bù sí i, èyí tí ìdọ̀tí inú rẹ̀ ń ba àwo òjé jẹ́. Bátìrì tí ì bá lo ọdún mẹ́rin á wú láàárín ọdún kan. Ọ̀gá họ́ọ̀bù á bọ́ sórí X, á kọ ọ́ pé NEPA ni ọ̀tá ọpọlọ ọmọ Yorùbá.

MacBook ni kọ̀ǹpútà wọn, dandan ni. Tókunbọ̀ sì ni, láti òpópónà Ọ̀tìgbà ní Computer Village, Ìkẹjà. Ẹni tó mọ ọjà á kọ́kọ́ wo cycle count, ìyẹn iye ìgbà tí wọ́n ti gba iná sí bátìrì náà tí wọ́n sì lò ó tán, torí ìyípo 1,000 ni Apple ṣe bátìrì ọ̀pọ̀ wọn mọ. Èyí tó bá ti dé 900, ara sọ́kẹ́ẹ̀tì ló máa kú sí. Lẹ́yìn náà á pa gbogbo ohun inú rẹ̀ rẹ́, á so ó mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì níṣojú ẹni tó ń tà á kó tó yọ owó, nítorí ìgbà yẹn ni Remote Management, títì tí ẹni tó ni ín fi ń ṣàkóso rẹ̀ láti òkèèrè, máa ń yọjú, tí kọ̀ǹpútà á fẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́ pé ilé-ìwé kan ní Amẹ́ríkà ló ni òun. Ọmọ tẹ́kì wa kì í rí àyè irú ìyẹn. Ibi tí sítíkà máa gbà lẹ́yìn rẹ̀ ló ń wọ̀n.

Tó bá wá kú, tí kò tan mọ́, ọ̀dọ̀ ta ló ń gbé e lọ? Ọmọkùnrin kan ní Ọ̀tìgbà ni, tó jókòó sídìí tábìlì tí kò fẹ̀ ju pátákó ìkàwé lọ. Ó tú ẹ̀yìn rẹ̀, ó gbé mọ́dábọ́ọ̀dù sábẹ́ màíkírósíkópù, ó rí i pé iná ń já sí ilẹ̀ níbì kan. Ó mú rósìn, oje igi gbígbẹ tí wọ́n fi ń jó òjé, ó fi áyọ́ọ̀nù gbígbóná kàn án, ó jẹ́ kí èéfín rẹ̀ funfun bo gbogbo bọ́ọ̀dù náà. Ó fún un níná díẹ̀. Ojú ibi tí rósìn ti kọ́kọ́ yọ́, ibẹ̀ ni kapásítọ̀ tó bàjẹ́ wà, kò tóbi tó hóró iyọ̀. Ó fẹ́ afẹ́fẹ́ gbígbóná sí i, ó yọ ọ́, ó fi èyí tó yọ lára bọ́ọ̀dù àlòkù mìíràn rọ́pò rẹ̀. Kọ̀ǹpútà tan. Ọmọ tẹ́kì ní kó dín owó rẹ̀ kù, ó sì gba ibẹ̀ lọ sí ìpàdé kan ní Lẹ́kí níbi tí wọ́n ti fẹ́ jíròrò ìdí tí Áfíríkà ò fi ní àwọn tó mọ ẹ̀rọ inú lọ́hùn-ún. Wọn ò fìwé pe ẹni tó tún un ṣe. Kò ní LinkedIn.

Pitch deck ló kàn, ìwé tí wọ́n fi ń tọrọ owó lọ́wọ́ olówó. Ojú-ewé méjìlá ló máa ń ní, ọ̀kan ló ṣe pàtàkì: "Àwa ọmọ Nàìjíríà lé ní 200 mílíọ̀nù. Tí a bá rí ẹyọ kan mú nínú ọgọ́rùn-ún, tí wọ́n san 1,000 náírà lóṣù, bílíọ̀nù méjì náírà ni lóṣooṣù." Ìṣirò náà pé pérépéré. Ìkókó tí wọ́n bí ní àná wà nínú 200 mílíọ̀nù yẹn, ó sì ń retí app. Ẹ bi ọmọ tẹ́kì wa léèrè pé èló ló máa ná kí ẹnì kan tó forúkọ sílẹ̀, á ní bónọ́ọ̀sì 1,500 náírà ni. Ọmọ Èkó á gba 1,500, á fi jẹ àmàlà, á pa app náà rẹ́, á fi nọ́ńbà ìyàwó rẹ̀ gba òmíràn.

Ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ fi app náà han olówó wá pé. Gbọ̀ngàn kún, 300 fóònù wà lórí Wi-Fi kan ṣoṣo. "Sà, ẹ fi nọ́ńbà yín sí i, OTP ń bọ̀." OTP, nọ́ńbà àṣírí tí wọ́n ń fi SMS ránṣẹ́ láti fi wọlé, ò bọ̀. Olówó ń wo fóònù, ọmọ wa ń wo olówó. Ẹni tó ti ṣe iṣẹ́ yìí rí mọ ohun tó ṣẹlẹ̀: olówó náà ti fi STOP ránṣẹ́ sí 2442 lọ́jọ́ tí ìpolówó sú u, nọ́ńbà rẹ̀ ti wà lórí DND, èyí tó ń dí ìpolówó lọ́nà. SMS olówó pọ́ọ́kú tí ọmọ wa rà kì í kọjá níbẹ̀. Ojú ọ̀nà ti OTP yàtọ̀, owó rẹ̀ ju ti ìpolówó lọ, wọ́n sì ní láti fọwọ́ sí orúkọ tó máa hàn lórí rẹ̀ lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ fóònù kọ̀ọ̀kan, èyí tí wọn kì í ṣe tán lọ́jọ́ kan. Ẹni tó gbọ́n á fi nọ́ńbà tó ti dán wò ṣe é, á lo hotspot ara rẹ̀, á sì ti ká fídíò iṣẹ́ náà sílẹ̀ bí gbogbo rẹ̀ bá daṣẹ́ sílẹ̀. Ọmọ wa rẹ́rìn-ín, ó ní, "Network." Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti dùn jù ni ti ìwé ilé-iṣẹ́. Tiwa-n-tiwa ni, àdìrẹ ni wọ́n wọ̀, orúkọ ilé-iṣẹ́ náà sì ní àmì ohùn lórí. Ẹ ṣí ìwé rẹ̀, Delaware ní Amẹ́ríkà lẹ máa bá. N ò bá wọn wí lórí ìyẹn. Olówó Amẹ́ríkà kì í fẹ́ fi owó sí ibi tí adájọ́ ìlú rẹ̀ ò ti lè bá a gbà á, Stripe Atlas, ẹ̀ka Stripe tó ń bá èèyàn forúkọ ilé-iṣẹ́ sílẹ̀, á sì bá wọn parí ìwé náà ní 500 dọ́là láìkúrò ní Yábá. Lẹ́tà tó ń tẹ̀ lé e ni wọn kì í ya fọ́tò. Ọmọ wa ti kọ 10 mílíọ̀nù ìpín sínú ìwé nítorí bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ayé ń ṣe. Delaware á ṣírò franchise tax rẹ̀, owó orí ọdọọdún ilé-iṣẹ́, lórí iye ìpín: 250 dọ́là fún 10,000 àkọ́kọ́, 85 dọ́là fún 10,000 kọ̀ọ̀kan tó kù. Ó di 85,165 dọ́là. Ẹni tí gbogbo ohun tó ní jẹ́ ínfátà tó wú! Àdúrà alẹ́ á bẹ̀rẹ̀, wọ́n á ní ayé ń ṣe é. Ọ̀nà ìṣirò mìíràn wà lórí fọ́ọ̀mù kan náà, wọ́n ń pè é ní assumed par value capital, dúkìá ilé-iṣẹ́ ló ń wò. Fún ilé-iṣẹ́ kékeré, á já sí 400 dọ́là, pẹ̀lú 50 dọ́là owó ìwé. Ọjọ́ kìíní oṣù Kẹta ni gbèdéke. Ẹni tó bá pẹ́ á san 200 dọ́là lé e. Ní Wilmington níbẹ̀, ilé alájà kan wà ní 1209 North Orange Street tí ilé-iṣẹ́ tó lé ní 285,000 fi ṣe àdírẹ́sì ní 2012. Wọn ò ya Èyò sára ògiri rẹ̀.

Àwọn ìjọba ìpínlẹ̀ náà ò gbẹ́yìn. Gómìnà tí kò bá tíì gé rìbọ́ọ̀nù họ́ọ̀bù kan, wọ́n á ní kò lajú. Ṣùgbọ́n ní oṣù Karùn-ún 2020, Èkìtì ṣe ohun kan tí kò ní rìbọ́ọ̀nù: wọ́n dín owó gbígba okùn fíbà tí íntánẹ́ẹ̀tì ń gbà kọjá ní ilẹ̀ wọn kù láti 4,500 náírà sí 145 náírà fún mítà kan. Fún 100 kìlómítà, 450 mílíọ̀nù náírà di 14.5 mílíọ̀nù. Ẹ lọ wá ẹni tó fi ìyẹn ya fọ́tò. Ẹ tún bi wọ́n ní Sábó pé ta ni Funke Opeke, obìnrin tí ilé-iṣẹ́ rẹ̀ MainOne fa okùn íntánẹ́ẹ̀tì abẹ́ òkun, nǹkan bí 7,000 kìlómítà, láti Potogí wá sí Èkó ní 2010. Wọ́n á ní bóyá òṣèré ni. Ọjọ́ 14 oṣù Kẹta 2024 tí okùn náà àti mẹ́ta mìíràn já nítòsí Côte d'Ivoire, gbogbo olùdásílẹ̀ di ẹni tó ń jókòó wo òrùlé.

Ẹni tó ń jèrè nínú gbogbo eléyìí, tí kì í sì í fẹnu sọ ọ́, ni bàbá onítẹ̀wé ní Ṣómólú. Òun ló ń ṣe T-shirt dúdú, okùn ọrùn, sítíkà, báńà, àti ṣẹ́ẹ̀kì páálí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin tí ẹni tó bá borí hackathon, ìdíje kíkọ app, ń gbé kiri nígbà tó ń retí owó gidi fún oṣù mẹ́ta. Bí wọ́n bá ní kó dín owó T-shirt kù, á fún wọn ní pólísítà, á tẹ DTF, àwòrán tí wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀ sórí ike, sí i ní 150°C fún ìṣẹ́jú àáyá 15. Ó yẹ kó tutù kí wọ́n tó ṣí ike orí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ tẹ́kì dúró lórí rẹ̀ pé àlejò ti dé, wọ́n bá ṣí i ní gbígbóná. Ìfọ̀ kẹta, "Disrupt" ti di "Dis".

Ìpín ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n kọ́kọ́ fi lọ bàbá dípò owó. Bàbá béèrè bóyá ìpín náà ṣeé fi ra íǹkì. Ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún ló ń gbà ṣáájú, ìyókù kí ẹrù tó kúrò nílẹ̀, kò sì sí agbẹjọ́rò kankan ní Delaware tó lè kọ àdéhùn tó mọ́ tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá fintech, ilé-iṣẹ́ tó ń fi app gbé owó, bá yọ fóònù, ó fi app ara rẹ̀ sanwó níṣojú gbogbo èèyàn, ó gbé e sókè kí bàbá rí i pé ó ti lọ. Bàbá wo fóònù Nokia tirẹ̀, ó ní kí wọ́n wá àga jókòó, alẹ́ẹ̀tì ò tíì wọlé.