Omi Ni Ọmọ Tó Ń Bì Nílò, Kì Í Ṣe Oògùn Tó Ń Dá Èébì Dúró

Láìpẹ́ yìí, ìyá kan tún sọ ọ́ létí mi, pẹ̀lú ìdánilójú ẹni tó ti tọ́ ọmọ mẹ́rin dàgbà, pé bí ọmọ bá ń bì, oògùn tí yóò dá èébì náà dúró ni kí a kọ́kọ́ wá fún un, kí a má sì fún un lómi títí oògùn yóò fi ṣiṣẹ́. Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi, pàápàá nígbà tí mo bá gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó ń ta oògùn ní kẹ́míìsì. Wọn yóò ní ọmọ náà lo oògùn, ó sùn, èébì sì dá. Èébì tí àrùn inú bá fà sábà máa ń rọlẹ̀ fúnra rẹ̀ láàárín ọjọ́ kan sí méjì, yálà ọmọ lo oògùn tàbí kò lò ó. Oorun tí wọ́n sì ń yìn yẹn, oògùn ló ń kun ọmọ, kì í ṣe pé ara rẹ̀ ti yá.

Ẹ wo metoclopramide, tí púpọ̀ nínú wa mọ̀ sí Plasil. Inú ọpọlọ ni ó ti ń ṣiṣẹ́: ó ń dí dopamine lọ́wọ́, èròjà tó ní ọwọ́ nínú èébì, ṣùgbọ́n tí ọpọlọ tún fi ń darí iṣan ara. Ìdí nìyí tí ó fi lè jẹ́ pé, láàárín ọjọ́ kan tàbí méjì tí ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó, ọrùn rẹ̀ yóò wọ́, ojú rẹ̀ yóò yí sókè, àgbọ̀n rẹ̀ yóò sì le. Èyí máa ń ṣe ọmọdé àti ọ̀dọ́ ju àgbàlagbà lọ. Mo fojú ara mi rí i lára ọmọ ẹbí wa kan. Gìrì ni àwọn ará ilé pè é, wọ́n ti ń fi àdín pa á lára, ẹnì kan tilẹ̀ ti ń mẹ́nu ba ayé, bẹ́ẹ̀ ọmọ náà ń gbọ́ wa, ó ń sunkún, ó sì ń dáhùn bí a bá pè é, èyí tí ọmọ tí gìrì mú kì í ṣe. Dókítà tó gbà á wò kọ́kọ́ béèrè oògùn tó lò, ó gún un lábẹ́rẹ́, kò sì pẹ́ tí ọrùn náà fi tọ́. Ní 2013, àjọ tó ń mójú tó oògùn nílẹ̀ Yúróòpù sọ pé kí a má ṣe fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 1 ní oògùn yìí rárá.

Promethazine, oògùn èébì mìíràn, ńkọ́? Ìkìlọ̀ tó le jù lọ ni wọ́n kọ sí ara rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, pé ó lè dá èémí ọmọ tí kò tó ọdún 2 dúró. Domperidone ní tirẹ̀, Bìrìtìkó ti fagi lé e fún àwọn tí kò tó ọdún 12 ní 2019, nítorí pé nígbà tí wọ́n dán an wò, kò sàn ju oògùn tí kò ní nǹkan kan nínú.

Omi tó ń tán lára ló ń pa ọmọ. Ní 1971, nígbà tí kọ́lẹ́rà ń pa àwọn tó sá fún ogun ní Bangaon, nílẹ̀ Íńdíà, tí omi tí wọ́n ń fà sí iṣan sì tán, Dókítà Dilip Mahalanabis ní kí àwọn ẹbí máa fún àwọn aláìsàn ní omi tí a po iyọ̀ àti ṣúgà mọ́. Wọ́n ń bì, wọ́n sì ń mu ún. Iye tó ń kú wálẹ̀ láti bí 30 nínú 100 sí ohun tí kò tó 4.

Ẹ po ORS, ìyẹ̀fun iyọ̀ àti ṣúgà tí a ń pò mọ́ omi, pẹ̀lú iye omi tí wọ́n kọ sára páálí rẹ̀, kí ẹ máa fún ọmọ ní ṣíbí tíì kan ní ìṣẹ́jú kan sí méjì. Bí ó bá bì, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 10, kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ife kíkún lẹ́ẹ̀kan náà ló ń mú èébì padà, òun náà ni wọ́n fi ń sọ pé omi kò dára. Bí kò bá sí ORS, ṣíbí tíì 6 ṣúgà tó tẹ́jú àti ìlàjì ṣíbí tíì iyọ̀ nínú lítà omi mímọ́ 1 tó. Kí ọmú má ṣe dúró. Ẹ má sì fi oyin rọ́pò ṣúgà, nítorí oyin kò tọ́ sí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 1.

Mo gbà pé dókítà lè fún ọmọ ní ondansetron, oògùn èébì mìíràn, lẹ́ẹ̀kan ní ilé ìwòsàn kí omi lè dúró nínú rẹ̀. Ìyẹn kì í ṣe iṣẹ́ kẹ́míìsì. Bí èébì bá ní ẹ̀jẹ̀ tàbí tó ní àwọ̀ ewé, bí àwùjẹ̀ bá jìn wọlé, bí ọmọ kò bá tọ̀ fún wákàtí púpọ̀, tàbí tí ara rẹ̀ gbóná tí kò sì lè mu ohunkóhun, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn tààrà.