Ọmọ tí kò dé oko baba ẹlòmíràn rí

Ìpàdé onílé àdúgbò wa ti Sátidé tó kọjá ló fa ọ̀rọ̀ yìí. Akápò là ń wá. Ẹnì kan dárúkọ Bàbá Tíṣà, ọkùnrin tó fi ọdún 31 kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìṣirò, tí owó ọdẹ tirẹ̀ máa ń wọlé kí oṣù tó bẹ̀rẹ̀, tó jẹ́ pé gọ́tà iwájú ilé rẹ̀ nìkan ni kì í kún lójò. Ni ọkùnrin kan bá dìde.

"Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú sí mi o. Bàbá yìí kì í dijú tí a bá ń gbàdúrà. Ẹni tí kò bẹ̀rù Ọlọ́run, tówó bá dé ọwọ́ rẹ̀, ta ni yóò bẹ̀rù?"

Àwọn kan pàtẹ́wọ́. Alága ní ká sún un di ìpàdé tó ń bọ̀. Bàbá Tíṣà bọ́ awò ojú rẹ̀, ó fi etí bùbá nù ún, kò sọ nǹkan kan.

Inú ti ń bí mi láti ọjọ́ náà, mi ò sì fẹ́ kó tutù kí n tó kọ èyí. Àwọn àgbà ní ọmọ tí kò dé oko baba ẹlòmíràn rí ló ń sọ pé kò sí oko tó tó ti baba òun. Ẹ mọ ọmọ náà, ó dúró sórí ebè méjì, ó ń pariwo. Ó ti dàgbà báyìí. Ó ti ra mọ́tò, ó ń lọ ìsọjí, ó sì ń pe gbogbo ẹni tí kò bá a dé ibẹ̀ ní kèfèrí.

Ẹ jẹ́ ká rántí Tai Solarin. Ọkùnrin oníṣòkòtò péńpé yẹn kò fi bò rárá pé òun kò gbà pé Ọlọ́run wà. Nígbà tí òun àti Sheila, ìyàwó rẹ̀, dá ilé ẹ̀kọ́ Mayflower sílẹ̀ ní Ikẹ́nnẹ́ ní oṣù kìíní ọdún 1956, kò fi ẹ̀kọ́ ìsìn kún un. Ọmọ á gbé ọkọ́, á roko, á ṣiṣẹ́ títí ọwọ́ rẹ̀ á fi le, á sì kàwé. Ta ló wá ń kó ọmọ lọ síbẹ̀? Àwọn òbí tó ń gbàdúrà láàárọ̀ àti lálẹ́ náà ni. Wọ́n ń gbàdúrà fún ọkàn Solarin, wọ́n sì ń san owó ilé ẹ̀kọ́ fún un. Wọ́n mọ ẹni tí ọmọ wọn máa gbọ́n lọ́dọ̀ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ta ló kọ́ Solarin fúnra rẹ̀? Wesley College ní Ìbàdàn, ilé ẹ̀kọ́ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì. Orúkọ tó wá fún ilé ẹ̀kọ́ tirẹ̀ ńkọ́? Orúkọ ọkọ̀ ojú omi tó kó àwọn ẹlẹ́sìn kan láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ sí Amẹ́ríkà ní ọdún 1620 ni, àwọn tí wọn ò jẹ́ kí wọ́n sin Ọlọ́run bó ṣe wù wọ́n. Ẹni tí kò ní Ọlọ́run kankan fi ọkọ̀ àwọn aládùúrà sọ ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀! Òun ti dé oko baba ẹlòmíràn, ó sì mọ ohun tó ta níbẹ̀.

Kí ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ti já ara yín gbà lọ́wọ́ ẹ̀sìn má tíì rẹ́rìn-ín o. Mo ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan jáde ní yunifásítì, ó ní òun ò ṣe mùsùlùmí mọ́. Kò burú. Abala 38 nínú òfin ilẹ̀ wa ti 1999 fún un láyè láti yí èrò rẹ̀ padà. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Iléyá kan, ó bá ìyá mi níbi tí wọ́n ti ń ka tẹ̀sùbáà, ó ní, "Ìyá àgbà, ẹni tí ẹ̀ ń kà á fún yìí, ṣé ó ti dá yín lóhùn rí?"

Ìyá mi ò dáhùn. Wọ́n ń kà á lọ títí wọ́n fi kan bọ́tìnnì funfun kan tí wọ́n fi dí ibi tí ìlẹ̀kẹ̀ kan ti já. Wọ́n dì í mú.

"Bọ́tìnnì ṣẹ́ẹ̀tì rẹ nìyí, èyí tó já lọ́jọ́ tí o ń lọ ṣe WAEC. Tí mo bá ti kàn án, orúkọ rẹ ni mo máa ń pè."

Ọmọkùnrin náà wo fóònù rẹ̀. Fóònù ò sọ nǹkan kan.

Irú wọn ló ń fi Yorùbá kíkọ bú ìjọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, bí ẹni pé ojú ọ̀run ni lẹ́tà ti já bọ́. Ta ló tẹ Ìwé Ìròhìn, ìwé ìròyìn àkọ́kọ́ ní èdè Yorùbá, ní Abẹ́òkúta ní 1859? Òjíṣẹ́ Ọlọ́run ni Townsend. Òjíṣẹ́ Ọlọ́run ni Àjàyí Crowther tó túmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá náà. Ẹ lè má gba ohun tí wọ́n wàásù. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ iṣu wọn tán kí ẹ wá ní wọn ò lóko.

Ẹ̀yin ẹlẹ́sìn, tiyín ló pọ̀ jù, nítorí ẹ̀yin lẹ pọ̀ jù. Ní Kano, ní 2022, ilé ẹjọ́ ju Mubarak Bala, tí kò gba ẹ̀sìn kankan, sí ẹ̀wọ̀n ọdún 24 lórí ohun tó kọ sí Facebook. Kóòtù kòtẹ́milọ́rùn gé e sí ọdún 5 ní 2024, ó sì jáde ní 2025. A gbọ́, a ní ti òkè ọya nìyẹn, Yorùbá kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Òótọ́ ni. Ipò akápò nìkan la fi ń du èèyàn níbí.

Ayé la bá Ifá, ayé la bá ìmàle, ọ̀sán gangan nìgbàgbọ́ wọlé dé. Ẹnu yín lẹ fi ń sọ ọ́, ẹ tún ń jó sí i. Ẹni tó dé lọ́sàn-án gangan, a fún un lága, kódà a fún un ní yàrá. Ẹni tó wá dé lálẹ́, tó ní òun ò bá ẹnikẹ́ni dìde àdúrà, ṣé ẹnu ọ̀nà ló máa sùn ni? Ẹ̀yin tí ẹ pàtẹ́wọ́ yẹn, ta ló kọ́ ọmọ yín ní ìṣirò lọ́fẹ̀ẹ́ lásìkò ìdánwò? Ẹ̀yin lẹ ń lọ kan ilẹ̀kùn rẹ̀ lálẹ́. Ọ̀gbẹ́ni tó ní bàbá kì í dijú ńkọ́? Nígbà tó rí i pé kò dijú, ṣé ojú tirẹ̀ dì?

Tí ìpàdé tó ń bọ̀ bá pé, kí akápò àná, tí ohùn rẹ̀ máa ń gbọ̀n tó bá ń ṣaájú wa nínú àdúrà, jọ̀ọ́ mú ìwé owó tiransifọ́mà dání. A ti dá owó yẹn pé láti oṣù kẹta. Àtùpà la ṣì ń tàn.