Ẹ Ká Aṣọ Kúrò Lórí Ẹ̀rọ Náà

Ìkéde tí àwọn aláṣẹ ilé ìwòsàn ìjọba kan nílùú Ìbàdàn yìí ṣe lọ́sẹ̀ tó kọjá, pé iṣẹ́ léésà ojú, ìyẹn ìmọ́lẹ̀ líle tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ tàn sínú ojú láti tọ́jú rẹ̀, kò ní bẹ̀rẹ̀ àfi bí ìṣúná ọdún tó ń bọ̀ bá jáde, kò ṣeé gbọ́ sétí. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti ra ẹ̀rọ náà la ti ń pariwo rẹ̀ pé ẹni tó ra ẹ̀rọ tí kò wá owó iná, owó àtúnṣe àti ẹni tí yóò lò ó, ẹrù ló rà, kò tíì ra ìtọ́jú.

Nítorí àìsàn ojú tí wọ́n ń pè ní glaucoma ni wọ́n ṣe rà á. Ìwádìí tí wọ́n ṣe káàkiri Nàìjíríà láàárín 2005 sí 2007 fi hàn pé òun ló ṣìkejì nínú ohun tó ń fọ́ àwọn tó ti lé lógójì ọdún lójú. Kì í sábà dunni. Díẹ̀díẹ̀ ló ń pa iṣan tó ń gbé ìríran lọ sínú ọpọlọ, ibi tó bá sì ti jẹ, kò sí dókítà tó lè dá a padà. Irú aláìsàn yìí ni wọ́n ní kó lọ dúró de ìṣúná!

Àwọn oníṣègùn ojú ní Kilimanjaro, lórílẹ̀-èdè Tanzania, fi léésà wé oògùn timolol tí wọ́n ń kán sójú; iṣẹ́ méjèèjì ni láti dín agbára omi inú ojú kù, kí àìsàn náà má baà jẹ síwájú sí i. Èsì wọn jáde lọ́dún 2021: lẹ́yìn ọdún kan, ìdá 61 nínú 100 ni léésà ṣiṣẹ́ fún, timolol ṣiṣẹ́ fún ìdá 31. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣe é, ọjọ́ náà ni aláìsàn ń padà sílé. Lóòótọ́, agbára rẹ̀ lè dín kù tó bá pẹ́, kí wọ́n sì tún un ṣe. Ṣùgbọ́n ó yàtọ̀ sí kéèyàn máa ra oògùn lóṣooṣù títí ayé.

Akọ̀ròyìn wa bá ìyá àgbà kan tó ń ta èlùbọ́ l'Ọ́jà'ba lórí bẹ́ǹṣì ìta yàrá tí wọ́n gbé ẹ̀rọ náà sí. Ìyá tú kókó etí ìró rẹ̀, ó mú ìgò oògùn ojú jáde, ó gbé e sétí, ó mì ín, ó ń gbọ́ bóyá ó ṣì ku nǹkan nínú rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́ ni dókítà kọ fún un. Ó ní alẹ́ nìkan lòun ń kán an báyìí, kó lè bá òun parí oṣù. Lẹ́yìn ilẹ̀kùn tó fẹ̀yìn tì, ẹ̀rọ náà wà lábẹ́ aṣọ funfun, rọ́bà tí wọ́n fi di wáyà rẹ̀ nílé iṣẹ́ ṣì wà lára rẹ̀.

Wọ́n ní kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n lò. Nínú Ìbàdàn yìí, tí UCH ti wà láti ọdún 1957? A bi wọ́n bóyá wọ́n ti kọ lẹ́tà kankan sí ẹ̀ka ìtọ́jú ojú níbẹ̀. Wọn kò dá wa lóhùn. Bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran; àìtó owó kò ní kí wọ́n má kọ lẹ́tà.

Kí wọ́n rán dókítà méjì lọ kọ́ ọ kí oṣù yìí tó parí, kí wọ́n sì kọ ọjọ́ tí iṣẹ́ yóò bẹ̀rẹ̀ sára ilẹ̀kùn náà. Títí dìgbà náà, kí wọ́n máa fún gbogbo ẹni tí orúkọ rẹ̀ ti wà nínú ìwé àwọn tó ń dúró de léésà ní oògùn ojú lọ́fẹ̀ẹ́, láti Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ lọ.